Kí Ẹ Tó Ra Mesh fún Wi-Fi Ilé Yín

Gbogbo ilé ní Òkè-Ògùn ló mọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé. Ó lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó lè jẹ́ abẹ́ igi máńgòrò, ó sì lè jẹ́ ojú fèrèsé yàrá ìyá àgbà, níbi tí tọmọdé tàgbà máa ń sáré lọ bí ìpè pàtàkì bá wọlé. Àlejò tó bá sùn mọ́jú á ti mọ ibẹ̀ kí ó tó mu ẹ̀kọ àárọ̀. Nígbà tí olórí ilé bá wá ra ráútà, tí Wi-Fi dé pálọ̀, èrò gbogbo wọn ni pé wàhálà ojú fèrèsé ti tán. Ọ̀sẹ̀ kan kì í pé tí ẹni tó wà ní yàrá ìkẹyìn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé tòun kò ṣí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mesh ti máa ń wọlé. Ọmọ tó wà ní Èkó á ní òun rí i nílé ọ̀gá òun. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston tàbí Peckham á ní òun lè kó o sínú ẹrù tí òun bá ń bọ̀ wálé lọ́dún. Oníṣòwò ní Ṣakí á ní òun lè bá wọn wá a, kí wọ́n ṣáà kó owó wá. Owó ọ̀hún kì í ṣe kékeré, ẹ̀rọ náà kì í sì í ṣe ẹyọ kan.

Ní Àgọ́-Àmọ̀dù, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí, ọ̀pọ̀ ilé ni kò nílò rẹ̀. Àwọn ilé kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òun gan-an ni oògùn wọn. Bí èèyàn ṣe máa mọ èyí tí ilé tirẹ̀ jẹ́ kò le, bí ó bá lè fara balẹ̀ yẹ ilé náà wò kí ó tó yẹ àpò rẹ̀ wò.

Ráútà kan ṣoṣo dà bí akéde tó dúró sójú kan tó ń ké. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ọ yékéyéké, àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri kẹta kò gbọ́ ju kíkùn lọ. Kí mesh tó dé, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ojú iná ni àwọn èèyàn ń rà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó gbọ́ ohun tí akéde àkọ́kọ́ wí, kí ó sì tún un wí fún àwọn tó jìnnà. Àléébù rẹ̀ ni pé rédíò tí èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn fi ń gbọ́ náà ló fi ń sọ, kò sì lè ṣe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdajì eré íńtánẹ́ẹ̀tì ló máa ń sọnù sọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù náà kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kí òun fi ti pálọ̀ sílẹ̀ kí òun di ti yàrá mú. Á ṣáà so mọ́ èyí tó ti rẹ̀, á sì máa yí bìrì.

Àwọ̀n ni mesh túmọ̀ sí, orúkọ náà sì bá a mu. Ẹ̀rọ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan, ọ̀rọ̀ aṣínà wọn kò yàtọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n á so mọ́ ibi tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé, àwọn yòókù á tò káàkiri ilé, wọ́n á sì máa bára wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ń fi fóònù sọ̀rọ̀ bá ń rìn láti pálọ̀ lọ sí ilé ìdáná, ọ̀kan á fà á lé èkejì lọ́wọ́ bí ìgbà tí alágbàtọ́ bá ń gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Àwọn tó dára nínú wọn ní rédíò ọ̀tọ̀ tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, kí ti àwọn fóònù má bàa dínkù.

Ìmọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ọdún 2011 ni àjọ IEEE, tó ń ṣe òfin tí Wi-Fi ń tẹ̀ lé, ti fi mesh sínú ìwé òfin náà. Àmọ́ ọdún 2016 ló tó dé inú ilé aráàlú, nígbà tí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ eero bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀. Google tẹ̀ lé e kí ọdún náà tó parí, TP-Link gbé tirẹ̀, Deco, jáde lọ́dún 2017, Amazon sì ra eero fúnra rẹ̀ lọ́dún 2019.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà yẹn. Pákó ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń fi pín yàrá sí yàrá ò ju pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Èèyàn lè fi ìkúùkù lu ú já. Ìgbì rédíò máa ń gba irú ògiri bẹ́ẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kọ iye ẹsẹ̀ bàtà sí ara páálí mesh ní lọ́kàn. Ní Àgọ́-Àmọ̀dù, ilé amọ̀ àtijọ́ wà tí ògiri rẹ̀ nípọn ju ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé lọ. Ilé búlọ́ọ̀kù oní-íńṣì mẹ́sàn-án wà tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nínú àti níta. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà tí dẹ́kìn rẹ̀ kún fún irin róòdù. Ká ní ògiri kan gbé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára ìgbì mì, tó sì jẹ́ ìdá kan péré ló kọjá. Bí ògiri kejì bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyí tó kù, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló máa dé yàrá kẹta. Omi náà máa ń gbé ìgbì yìí mì, nítorí náà, ògiri amọ̀ tí òjò ti rin burú ju èyí tó gbẹ lọ, dúrọ́ọ̀mù omi tó wà láàárín ráútà àti fóònù kò sì ṣe ẹnikẹ́ni lóore.

Ohùn méjì ni ọ̀pọ̀ ráútà òde òní ń fi sọ̀rọ̀. 2.4GHz máa ń lọ jìnnà, ó sì máa ń ráyè gba ògiri kọjá díẹ̀, àmọ́ kì í yára púpọ̀. 5GHz yára, ṣùgbọ́n ògiri tètè máa ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, níbi tí ráútà ogún lè wà nínú ilé fúláàtì kan, 2.4GHz máa ń há bí ọjà ọjọ́ ọdún, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n sá fún un. Ìmọ̀ràn yẹn kò bá Àgọ́-Àmọ̀dù mu. Ráútà aládùúgbò kò pọ̀ níbẹ̀, ohùn 2.4GHz ṣì mọ́, ẹni tó bá sì wà ní yàrá ìkẹyìn lè kọ́kọ́ wọ inú fóònù rẹ̀ lọ mú un kí ó tó ronú ohun tó máa ná owó lé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ọ̀nà jíjìn ni ọ̀tá Wi-Fi, kí ó gbọ́ ohun tí onímọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, Ermanno Pietrosemoli, ṣe ní Venezuela. Lọ́dún 2006, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so ráútà táwọn èèyàn ń lò nílé mọ́ àńtẹ́nà ńláńlá lórí òkè méjì, Wi-Fi náà sì rin 279 kìlómítà. Lọ́dún 2007, wọ́n mú un dé 382 kìlómítà. Kò sí ògiri láàárín òkè méjèèjì, ojú wọn ríra. Wi-Fi kan náà yìí ló ń kú sí ẹ̀yìn ògiri ilé ìdáná.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ògiri kò tíì tó ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Mesh kì í mú íńtánẹ́ẹ̀tì wá, ó kàn ń pín èyí tó bá bá nílé ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Àgọ́-Àmọ̀dù, orí síìmù tó wà nínú ráútà tàbí MiFi ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, láti orí òpó ilé iṣẹ́ tẹlifóònù. Ilẹ̀ olókè ni Òkè-Ògùn. Ẹni tó bá ti wo òkè Àṣàbàrí ní Ṣakí rí mọ bí àpáta ṣe ń dìde lójijì láàárín pápá. Ilé tí òkè bá dí òpó mọ́ lójú kì í rí gbà bíi ti ilé tó dojú kọ ọ́. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, tí gbogbo ìlú délé tí wọ́n ṣí fóònù, òpó kan náà ni wọ́n jọ ń fà mu. Ìgbà mìíràn sì wà tí wàhálà ọ̀hún ti òkun wá. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ nítòsí Abidjan, íńtánẹ́ẹ̀tì sì dákẹ́ tàbí kó máa fà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú. Ẹni tó ní mesh lọ́jọ́ náà àti ẹni tí kò ní in jọ jókòó ni.

Àyẹ̀wò tó máa là á rọrùn. Kí èèyàn dúró ti ráútà pẹ́kípẹ́kí, kí ó ṣí Fast.com tàbí Speedtest lórí fóònù, kí ó kọ iye eré íńtánẹ́ẹ̀tì tó bá rí, ìyẹn Mbps, sílẹ̀. Kí ó wá lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ké, kí ó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Bí ó bá jẹ́ 3Mbps lẹ́bàá ráútà, tó sì tún jẹ́ 3Mbps nínú yàrá, ara ilé kò láìsàn, orísun ló ń ṣàìsàn. Kódà bí mesh mẹ́wàá bá wà níbẹ̀, 3Mbps náà ni wọ́n máa pín. Bí ó bá jẹ́ 30Mbps lẹ́bàá ráútà tó wá di 1Mbps nínú yàrá, a jẹ́ pé ilé ló ń gbé e mì, ọ̀rọ̀ mesh sì ti ń lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn. Kí ẹni náà rántí pé ohun tí ilé ń lò kò tó ohun tí oníṣòwò ń pariwo. Fíìmù tó mọ́ kedere lórí Netflix kò nílò ju 5Mbps lọ. Ìpè WhatsApp kò tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ohun kan wá wà tí àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ sí ìlú òyìnbó kì í mẹ́nu kàn, nítorí pé wáyà ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ ilé tiwọn. Ní ilé tó ń lo síìmù, ráútà ní ọ̀gá méjì. Ó fẹ́ wà lójú fèrèsé tó kọjú sí òpó, kí ó lè rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbà. Ó sì tún yẹ kí ó wà láàárín ilé, kí Wi-Fi rẹ̀ lè ká gbogbo yàrá. Páànù orí ilé àti ilẹ̀kùn onírin kì í jẹ́ kí ìgbì òpó wọlé dáadáa, nítorí náà ẹni tó bá gbé ráútà kúrò lójú fèrèsé lọ sí àárín ilé lè rí i pé 4G rẹ̀ ti di 3G. Ẹni tó bá sì fi í sílẹ̀ lójú fèrèsé, ìdajì Wi-Fi rẹ̀ ló ń fi fún ewúrẹ́ àti adìyẹ tó wà níta.

Bí wọ́n ṣe lè yanjú ìjà ọ̀gá méjì yìí ló ń pinnu iye tí ilé máa ná. Bí ráútà náà bá ní ihò àńtẹ́nà, àńtẹ́nà ìta tí wọ́n gbé sórí òpó irin, tí wáyà rẹ̀ gba abẹ́ páànù wọlé, lè jẹ́ kí wọ́n gbé ráútà síbi tó wù wọ́n. Bí kò bá ní in, kí wọ́n fi ráútà sílẹ̀ lójú fèrèsé, kí wọ́n fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì láti ara rẹ̀ lọ sí àárín ilé, kí wọ́n so ráútà àtijọ́ kan mọ́ ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì tò ó kí ó máa ṣe iṣẹ́ Wi-Fi nìkan. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè gùn tó 100 mítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀, ògiri kì í sì í dí i lọ́wọ́. Fún ilé oníyàrá mẹ́rin tàbí márùn-ún tó wà nílẹ̀ gbalasa, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, wáyà yìí sàn ju mesh lọ, kò sì já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó mesh.

Ẹni tó ń retí pé kí ẹ̀gbọ́n kó mesh bọ̀ láti òkè òkun gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ jù lọ mesh kò ní ihò síìmù. Ihò wáyà ló ní, tó ń retí kí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ibẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ MiFi kékeré, èyí tí èèyàn ń kì bọ àpò, kò sì ní ihò wáyà. Àwọn méjèèjì á wá máa wo ara wọn lórí tábìlì. Ó yẹ kí wọ́n bi ẹ̀gbọ́n náà léèrè kí ó tó sanwó, kí wọ́n sì ní kí ó wò ó lára ṣájà bóyá ó gba iná 100 títí dé 240V, nítorí iná Amẹ́ríkà kò lágbára tó ti Nàìjíríà.

Iná sì tún ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù. Bí NEPA bá mú iná lọ, ráútà kan ṣoṣo lè wà lórí bátìrì kékeré tí wọ́n ṣe fún un, tí á gbé e fún wákàtí mélòó kan. Mesh mẹ́ta wà ní yàrá mẹ́ta, bátìrì mẹ́ta ni yóò béèrè, tàbí kí íńfátà gbé gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ 8W, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jẹ 24W, láàárín wákàtí 24 ó ti di 576Wh. Bátìrì olómi ti 12V, 100Ah, irú èyí tó pọ̀ nídìí sólà, ń gba 1,200Wh, kò sì yẹ kí èèyàn lò ó ju ìdajì lọ bí kò bá fẹ́ kí ó tètè kú. Mesh nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ lo bátìrì kan tán lójúmọ́, kí gílóòbù kan tó tàn, kí fáànù kan tó yí. Onílé tó bá ń pa gbogbo rẹ̀ bí wọ́n bá ń lọ sùn á dín in kù, àmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra mesh láì ṣe ìṣirò yìí.

Dátà náà ńkọ́? Fíìmù tó mọ́ kedere lè jẹ nǹkan bíi 3GB ní wákàtí kan. Nígbà tó jẹ́ pé pálọ̀ nìkan ni Wi-Fi ti ń ṣí, pálọ̀ nìkan ló ń jẹ dátà. Bí ó bá ti ń ṣí ní gbogbo yàrá, dátà tí wọ́n ń rà fún oṣù lè má pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì, ti wà ní Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ṣí i ní Áfíríkà, ó sì ti yí ọ̀rọ̀ orísun padà fún ẹni tó bá lówó rẹ̀. Sátẹ́láìtì rẹ̀ wà ní nǹkan bí 550 kìlómítà sókè, òkè kì í dí i bíi ti òpó, ojú sánmà gbalasa sì ni pápá Òkè-Ògùn ní lọ́pọ̀. Orísun tó ń fúnni ní 50Mbps tàbí 100Mbps ti wá dé ilé tí 3Mbps ń dá lóró tẹ́lẹ̀. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, bí ó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní dẹ́kìn, tí àwọn kan ń gbé òkè tí àwọn kan ń gbé ìsàlẹ̀, mesh tó fún owó tí wọ́n ná lé e. Kí wọ́n ṣáà rántí pé ráútà Starlink kì í bá mesh ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe àwọ̀n kan náà; àfi kí wọ́n ra ti Starlink, tàbí kí wọ́n pa Wi-Fi ráútà rẹ̀ kí wọ́n fi wáyà so mesh mìíràn mọ́ ọn. Àwo Starlink tó wọ́pọ̀ sì ń jẹ nǹkan bí 75W sí 100W. Ẹni tí sólà rẹ̀ kò bá gbé ìyẹn, kò sídìí tó fi yẹ kó máa fi mesh kún un.

Ilé ìtọ́jú aláìsàn tí dókítà ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì rìn láti yàrá dé yàrá nílò mesh. Ilé ìgbàlejò pẹ̀lú. Ilé tí olùkọ́ ti ń kọ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní yàrá òkè, tí aránṣọ ń wo àwòrán aṣọ nísàlẹ̀, tí ọmọ ń múra ìdánwò JAMB lẹ́yìn, tí àyẹ̀wò sì ti fi hàn pé orísun wọn dára, lè nílò rẹ̀.

Agboolé yàtọ̀. Níbi tí ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti yí àgbàlá ká, tí ti bàbá wà níwájú, ti àwọn àbúrò lẹ́yìn, mesh inú ilé máa ń jìyà, torí pé ògiri ìta méjì ló wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Wáyà bàbà tó gba ìta láti ilé dé ilé sì léwu ní ilẹ̀ tí àrá ti ń sán bíi ti Òkè-Ògùn, pàápàá nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀. Àrá lè gba ibẹ̀ jó gbogbo ẹ̀rọ. Ohun tó bá agboolé mu ni rédíò ìta méjì tó dojú kọra, ọ̀kan lára ògiri ilé bàbá, ọ̀kan lára ti ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí ti Pietrosemoli lórí òkè, àmọ́ tí ọ̀nà rẹ̀ kò ju ọgọ́ta mítà lọ. Ní Kafanchan, ìpínlẹ̀ Kaduna, àjọ kan tó ń jẹ́ Fantsuam Foundation ti lo irú ìmọ̀ yìí fún odindi ìlú: wọ́n gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti orí sátẹ́láìtì kan, wọ́n sì fi rédíò orí òpó pín in fún àwọn ilé iṣẹ́ tó yí wọn ká, wọ́n pe é ní ZittNet. Bí ìlú kan bá lè pín orísun kan, agboolé kan náà lè dáwó jọ fún Starlink kan dípò kí ilé kọ̀ọ̀kan máa ra dátà tirẹ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan sì máa lá àlá mesh tirẹ̀.

Lálẹ́ òní, ẹ gbé ráútà yín kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, ẹ gbé e sókè kọjá orí èèyàn, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò nígbà méjì, lẹ́bàá rẹ̀ àti ní yàrá ìkẹyìn. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé. Bí oníṣòwò bá dé lọ́la, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn án, kí ẹ sì ní kí ó gbé ẹ̀rọ kan wá fún ìdánwò nínú ilé yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.